Yíyan práímà PCR fún bakitéríà inú ògì, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sanwó

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọn bakitéríà tí ó wà nínú ògì tí wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà lè yọ DNA gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀lọpọ̀, sọ apá kan nínú jíìnì 16S rRNA wọn di púpọ̀. Jíìnì yìí gùn tó nǹkan bí 1,500 lẹ́tà. Ó ní ibi mẹ́sàn-án tí ó máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, V1 títí dé V9, àwọn ibi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà sì wà láàrin wọn. Ibi tí kì í yí padà ni práímà, ègé DNA kúkúrú tí ẹ̀dà tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, ń lẹ̀ mọ́, ibi tí ó ń yàtọ̀ ni a ó kà. Ìwúkàrà inú ògì kò sí nínú èyí; ITS, apá mìíràn nínú DNA, ni ti wọn.

Ẹ má tíì ṣe práímà tuntun, nítorí pé àwọn tí ó wà nílẹ̀ ti la ọ̀pọ̀ ìdánwò kọjá. Fún V4, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 515F, GTGYCAGCMGCCGCGGTAA, àti 806R, GGACTACNVGGGTWTCTAAT, tí ègé tí wọ́n ń mú jáde gùn tó nǹkan bí 290 lẹ́tà. Y dúró fún C tàbí T, M fún A tàbí C, nítorí náà oríṣi mẹ́rin ni ó wà nínú túùbù 515F. Ti 806R jẹ́ 24, nítorí pé N dúró fún èyíkéyìí nínú lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, V fún A, C tàbí G, W fún A tàbí T. Bí oríṣi bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín kù.

Ìlànà sọ pé kí G àti C jẹ́ ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka 515F fúnra yín: 12 sí 14 ni wọ́n nínú lẹ́tà 19, ìyẹn ìdá 63 sí 74. Ó rú ìlànà, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé jíìnì ni ó yan ibẹ̀, kì í ṣe àwa. Láti fojú díwọ̀n ooru tí práímà fi ń já kúrò lára DNA, bí ẹ bá ka 2°C fún A tàbí T kọ̀ọ̀kan àti 4°C fún G tàbí C kọ̀ọ̀kan, 515F yóò jẹ́ 62 sí 66, 806R yóò sì jẹ́ 56 sí 60. Èyí tí ó kéré ni ẹ ó tẹ̀ lé. 50°C ni a sábà fi ń lẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ìdí práímà, tí a ń pè ní 3′ (orí rẹ̀ ni 5′), ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Láti ibẹ̀ ni ènsáìmù ti ń fa okùn tuntun gùn. Àìbáramu kan ní orí 5′ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ lẹ́tà kan tí kò bára mu ní ìdí lè mú kí odindi ẹ̀yà kan pòórá nínú àbájáde. Ẹ kọ práímà méjèèjì sínú TestPrime, irinṣẹ́ tí ó ń dán práímà wò lórí ìkànnì SILVA, àkójọ jíìnì rRNA, ẹ gba àìbáramu kan láyè, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà mélòó kan ní ìdí 3′ wà láìlábùkù. Ẹ má wo àròpọ̀ nìkan. Ẹ ṣí i dé ọ̀dọ̀ Lactobacillaceae, ìdílé bakitéríà tí wọ́n sábà ń pọ̀ jù nínú ògì, nítorí pé práímà tí ó mú ohun gbogbo tí ó sì fo àwọn yẹn kò wúlò fún yín. Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí SAR11, bakitéríà tí ó kún inú òkun: 806R àtijọ́, tí H wà níbi tí N wà lónìí, ń kà wọ́n dín títí wọ́n fi tún un ṣe ní 2015.

Àgbàdo náà yóò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé klóróplásítì àti mitokọ́ńdríà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ní jíìnì tí ó jọ 16S. Práímà 799F, AACMGGATTAGATACCCKG, tí a kọ́kọ́ lò fún gbòǹgbò àgbàdo, ń yẹra fún ti klóróplásítì. Bí a bá fi 1492R ṣe èkejì rẹ̀, ti mitokọ́ńdríà yóò yọ bí ègé tí ó gùn jù, tí a lè gé sọ́tọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àbájáde rẹ̀ wé ti V4, nítorí pé apá mìíràn nínú jíìnì ni ó ń mú jáde.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, kí omi rọ́pò DNA nínú túùbù kan, kí òmíràn sì ní àdàlù bakitéríà tí ẹ ti mọ orúkọ àti ìwọ̀n wọn. Bí ìlà bá hàn lórí jẹ́ẹ̀lì fún omi, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Bí iná bá sì lọ láàrin iṣẹ́, bí a ṣe mọ̀ ọ́n n'Ìbàdàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú pẹ̀lú túùbù tí ó ti tutù.