Bí Mo Ṣe Yẹ Ẹyin Ẹja Òkun Wò Kó Tó Wọ Táǹkì

Pé ẹyin léfòó kò tíì sọ pé ó dára. Ẹyin gilthead sea bream, irú ẹja òkun tí mò ń sìn, tó bá yè máa ń léfòó nínú omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, èyí tó ti kú á sì rì. Ṣùgbọ́n èyí tí kò gba àtọ̀ rárá náà lè léfòó fún wákàtí díẹ̀, bí iyọ̀ omi bá sì dín kù, ojúlówó ẹyin pàápàá á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wọn iyọ̀.

Àwọn ìyá ẹja yé ní ìrọ̀lẹ́. Omi àkúnwọ́sílẹ̀ gbé ẹyin wọn wá sínú àsẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ màíkírómítà 500 (ìdajì mílímítà). Mo dín agbára omi náà kù, nítorí ẹyin tí omi bá ń gbá mọ́ ara àsẹ́ á fara pa láìjẹ́ pé ojú rí i. Mo bu díẹ̀ sínú sílíńdà onílà tó gba lítà 1, mi ò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Mi ò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹyin tó kóra jọ sókè ń mí, wọ́n á fa ọ́síjìn àyíká wọn tán. Mo kọ ìwọ̀n mílílítà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Abẹ́ máíkírósíkóòpù ni iṣẹ́ wà gan-an. Ní 18 sí 19°C, ẹyin tó gba àtọ̀ máa ń ti pín sí sẹ́ẹ̀lì 4 sí 16 ní nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn yíyé, àsìkò yẹn ni mo sì mú. Ẹni tó bá dúró di àárọ̀ á bá sẹ́ẹ̀lì tó ti wẹ́ kọjá ohun tí a lè fi ojú pín. Mo gé ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ike kó lè fẹ̀, mo fa ẹyin 100 láti òkè sílíńdà. Mo pín wọn sí abọ́ kéékèèké, kí n lè tètè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí iná máíkírósíkóòpù má baà mú omi wọn gbóná.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹyin tí kò gba àtọ̀ náà máa ń wú ní ẹ̀gbẹ́ kan tó bá ti kan omi òkun, á wá jọ èyí tó wà ní sẹ́ẹ̀lì kan. Àyàfi èyí tí mo bá rí i tó pín ni mo kà sí èyí tó gba àtọ̀. Lára ìwọ̀nyí, mo wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, bóyá ààlà àárín wọn hàn kedere, bóyá ọ̀kan já kúrò lára àwọn yòókù. Ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo ló yẹ kó wà. Bó bá fọ́nká, mo sàmì sí i. (Ti sea bass, ẹja òkun mìíràn, yàtọ̀: tirẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá para pọ̀.) Èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọ́ díẹ̀ ṣì lè yè, nítorí náà mo kà á sọ́tọ̀, mi ò dà á nù. Ní ìpele yìí, ohun tí ìyá fi sínú ẹyin ni ọlẹ̀ ń jẹ, òun náà ló ń darí rẹ̀. Tí wíwọ́ bá pọ̀, oúnjẹ ìyá ẹja tàbí ìdààmú tó bá a ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, mo fi ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan àwo ike oníhò 96, pẹ̀lú màíkírólítà 250 omi òkun tí a ti sẹ́. Ẹyin tó bá kú kò lè ba aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Mo fi ìdérí bò ó. Bí omi bá fà, iyọ̀ á ga, ihò etí àwo ló sì máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Mo ń wò ó lójoojúmọ́: ó pa ní nǹkan bí ọjọ́ 2, mo sì ka ọmọ tó yè títí di ọjọ́ kẹta lẹ́yìn pípa, láìfún wọn lóúnjẹ.

Ìdá kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń dàrú. Ká ní ìdá 92 nínú 100 àwọn tó léfòó ló gba àtọ̀, ìdá 85 nínú ìwọ̀nyẹn pa, ìdá 80 nínú àwọn tó pa sì yè di ọjọ́ kẹta: 0.92 × 0.85 × 0.80 jẹ́ nǹkan bí 0.63. Ẹni tó bá fẹ́ 100,000 ọmọ ẹja ọlọ́jọ́ mẹ́ta á nílò bí 160,000 ẹyin tó léfòó. Àmọ́ àwo kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ohun tí mo rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni mo fi pinnu lálẹ́ ọjọ́ náà èyí tó máa wọ táǹkì ńlá.