Bí mo ṣe ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ wa

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa fi jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí kí kálukú kà á, torí sísọ ọ́ lẹ́nu ti ń sú mi.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n gba WhatsApp ọ̀kan lára wa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó gbà á wá ń fi orúkọ ẹ̀ tọrọ owó kiri, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi nǹkan ránṣẹ́, mo máa dá a padà lọ́la", àwọn kan sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù ba gbogbo ẹgbẹ́, ni akọ̀wé bá ní èmi tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà díẹ̀ ni kí n wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. October ló bọ́ sí, oṣù tí wọ́n fi ń ṣe ìpolongo ààbò orí kọ̀ǹpútà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2004 kó tó tàn dé ibòmíì, mo ní ó dáa náà, ó kúkú bọ́ sásìkò.

Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ o, ìbéèrè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe voice note sí gúrúùpù, mo ní tí líǹkì bá wọlé sórí fóònù yín, kí lẹ máa ń ṣe? Pásíwọ́ọ̀dù yín, ṣé ọ̀kan náà lẹ fi ń ṣí gbogbo nǹkan? (Mo ní ẹ má sọ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún fún mi o, síbẹ̀ ẹnì kan sọ ọ́ síta, a ní kó yára pa á rẹ́.) Ìdáhùn wọn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí màá gbà. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ "ẹ ṣọ́ra fún oníjìbìtì" rí, etí wọn ti kún fún un. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni èwo gan-an ni kí àwọn tẹ̀ lórí fóònù. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé mi ò ní í sọ̀rọ̀ nípa vírọ́ọ̀sì, mi ò ní í dárúkọ VPN (áàpù tó ń fi ọ̀nà téèyàn ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì pa mọ́), mi ò ní í sọ ìtàn WannaCry, vírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè fi gbowó, tó kárí ayé ní 2017. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun mọ̀wé ló máa ń kó gbogbo ìyẹn jọ, tí àwọn tó jókòó á máa mi orí, tí wọ́n á délé tí wọn ò ní yí nǹkan kan padà. Nǹkan mẹ́ta ni mo mú: PIN WhatsApp, bí wọ́n ṣe ń ka líǹkì, àti pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì. Kálukú ló sì máa ṣe é lórí fóònù ara ẹ̀ lójú mi.

Mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n ṣáàjì fóònù wá, kí wọ́n sì mọ ímeèlì wọn. Ibi ímeèlì yìí ni wàhálà wà! Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ni kò mọ̀ pé àwọn ní ímeèlì rárá, ọmọ wọn tàbí ẹni tó ta fóònù fún wọn ló bá wọn ṣí i, pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn, nígbà míì nọ́ńbà ẹlòmíì ló wà níbẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ yanjú èyí kí ọjọ́ tó pé, ẹ ní kí wọ́n mú ọmọ tó bá wọn ṣí i dání, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi gbogbo ọjọ́ wá pásíwọ́ọ̀dù ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mi ò kí wọn ju ìkíni kan lọ tí mo fi gbé fóònù méjì síta, tèmi ni méjèèjì. Mo ní ẹ wò ó, èmi ni olè báyìí. Mo fi nọ́ńbà fóònù kìíní sínú WhatsApp tó wà lórí ìkejì bíi pé tèmi ni, kíá kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ti já sórí fóònù kìíní. Mo ní olè ò rí kóòdù yìí, ẹ̀yin lẹ rí i, torí náà ohun tó kù fún un ni kó bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fún un. Ó ti lè gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ yín tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ lá á ti kọ̀wé sí yín pé "ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín, ẹ bá mi fi padà". Àbí kó pè, kó ní òun ń gbìyànjú láti fi yín sínú ìpàdé kan lórí Zoom. Ìyá kan ní, "Hà! Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé oògùn ni wọ́n ń lò." Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ẹni tó bá gbà pé oògùn ni ò ní wá nǹkan ṣe sí i.

Ká tó dìde níbẹ̀ la ṣe PIN ọ̀hún. Settings, Account, Two-step verification, ẹ tan án, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà, kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í ṣe 123456. Tó bá bi yín ní ímeèlì, ẹ fi sí i, ẹ má fò ó o, torí ẹni tó bá gbàgbé PIN tí kò fi ímeèlì síbẹ̀ á dúró fún ọjọ́ 7 kó tó lè yí i padà. WhatsApp á máa bi yín ní PIN yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé, mo ní kí wọ́n má bínú sí i. Tí olè bá wá rí kóòdù SMS gbà lọ́wọ́ yín báyìí, PIN á dá a dúró, àyàfi tẹ́ ẹ bá tún fún un ní PIN náà (ẹnì kan bi mí bóyá èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní wọ́n ń ṣe é dáadáa). Lẹ́yìn ìyẹn a wo Linked devices, ibi tó ń fi kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ míì tí WhatsApp yín ṣí sí hàn, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan ti rí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀, àfi ìgbà tó rántí pé ibi tí òun ti lọ tẹ ìwé ni, òun ò sì yọ ara òun kúrò. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lójú mi.

Líǹkì ló le jù. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù: https://banki-yin.com.example.net/wole. Mo ní ta ló ni ín? Gbogbo wọn ní báńkì ni. Mo ní ó tì o, ẹ wá ìlà (/) tó kọ́kọ́ dá nìkan wà lẹ́yìn ìlà méjì àkọ́kọ́ (//), ẹ wá máa fà sẹ́yìn láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó kan ìlà yẹn ló ni ín, èyí já sí pé example.net ló ni ín, gbogbo tó kù níwájú, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ (àwọn ibì kan máa ń jẹ́ mẹ́ta, bíi .co.uk). Bàbá kan dá mi lóhùn pé wọ́n ti kọ́ òun níbì kan pé tóun bá ti rí àmì àgádágodo, kóun fọkàn balẹ̀. Irú ìmọ̀ràn yẹn ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà débi pé Google yọ àmì yẹn kúrò lórí Chrome ní 2023. Àgádágodo ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè ka ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà, kò sọ pé ẹni tó ń gbà á jẹ́ olóòótọ́. Ó dà bí ẹni tó lẹ àpòòwé pa dáadáa tó wá gbé e fún olè.

Ká sòótọ́ ṣá, lójú tèmi kíka líǹkì ò tó. Ojú fóònù kéré, ó máa ń gé àdírẹ́ẹ̀sì kù, ẹni tó ti rẹ̀ kò ní ráyè fa nǹkan sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún wọn pé tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ di ìkan yìí mú: tí báńkì bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ fi líǹkì ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín kẹ́ ẹ wò ó.

Nígbà tó kan pásíwọ́ọ̀dù, mo sọ ti RockYou fún wọn, ìkànnì kan tí wọ́n jí pásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 kó níbẹ̀ ní 2009, wọn ò fi pa mọ́ rárá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe wà, 123456 ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ibi tí ojú wọn ti là ni ìgbà tá a ṣí Have I Been Pwned, ìkànnì tí Troy Hunt, ọ̀gá kan nínú ààbò kọ̀ǹpútà, ṣe ní 2013, ímeèlì nìkan lẹ máa fi síbẹ̀, á sọ fún yín bóyá ó wà nínú èyí tí wọ́n ti jí kó. Tọ̀pọ̀ wọn ló wà níbẹ̀, ẹni tó lo Yahoo láyé ijọ́hun ń pariwo, mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, àkáǹtì bílíọ̀nù 3 ni wọ́n kó ní Yahoo ní 2013, ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé pásíwọ́ọ̀dù yẹn náà lẹ ṣì ń lò lórí ímeèlì, ẹ ti dín iṣẹ́ kù fún olè nìyẹn, torí ńṣe ló máa gbé e kiri gbogbo ibi, ẹni tó bá sì ti wọ ímeèlì yín á fi tún gbogbo pásíwọ́ọ̀dù yòókù ṣe.

Mo ní kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, bíi agboorun-igo-alangba-oke (ẹ má lo èyí o, mo ti kọ ọ́ síta), kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé. Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbaná jẹ, ó ní a kì í kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. A fa ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Ibi tí mo dúró sí ni pé olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè nawọ́ dé inú dúrọ́ọ̀ yín, ìwé kan nílé sì sàn ju pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún gbogbo ibi lọ. Ó tún ní kí wọ́n máa yí i lóṣooṣù, mo ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, fúnra wọn ti ní kí wọ́n yé fipá mú èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2017, torí tí èèyàn bá ń yí i lóṣooṣù, nọ́ńbà 1 ló máa sọ di 2.

Mo ti bá ẹni tí wọ́n gba WhatsApp ẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bóyá á fẹ́ sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ó gbà, alága sì ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má bú u. Bó ṣe sọ ọ́ tán làwọn míì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn, owó tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn tí ìyàwó tàbí ọkọ wọn nílé gan-an ò gbọ́. Ìtìjú yẹn gan-an ni oníjìbìtì fi ń jẹun. Tẹ́nì kan bá tètè pe báńkì, wọ́n ṣì lè rí owó náà dá dúró kó tó kúrò níbi tó wà, àmọ́ ẹni tó ń tijú á sùn lé e.

Ẹnì kan béèrè nípa ohùn ọmọ ẹni tí oníjìbìtì ń fi AI sín jẹ báyìí láti fi pe èèyàn tọrọ owó, mo ní ẹ já ìpè yẹn, ẹ pe nọ́ńbà ọmọ yín tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ sì lè jọ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì láàárín ara yín nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé ní kí n fi líǹkì èké ránṣẹ́ sí wọn láti dán wọn wò. Mo kọ̀. Iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe é fún òṣìṣẹ́ wọn, àmọ́ àgbà tẹ́ ẹ bá dójú tì lẹ́ẹ̀kan ò ní í wá bá yín mọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Voice note kúkúrú ni mo ń fi sí gúrúùpù dípò ẹ̀, ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Báyìí, wọ́n máa ń fi message tó bá rú wọn lójú ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nígbà míì ní ààjìn òru.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà ti ní kí n wá. Tiwọn ò ní í rí bẹ́ẹ̀, WhatsApp PIN ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sẹ́nì kan tí onítọ̀hún wá ń fi halẹ̀ mọ́ wọn ló pọ̀ jù, wọn ò sì ní lè sọ ọ́ níwájú àwọn òbí wọn. Mo ti ní kí alága bá mi wá yàrá tí òbí kankan ò ní í wọ̀.