Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín

Mo ti ń fi kọ̀ǹpútà háyà fún èèyàn n'Ìjẹ̀bú-Òde láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní káfè. Ẹni tí kò mọ̀, mo lè ṣàlàyé fún un. Ẹni tó ti fowó ra àìmọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń sú mi.

1. Ẹ ń jẹ́ kí browser, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome, bá yín tọ́jú password. Tó bá bi yín, ẹ ní rárá. Ó parí.

2. Ẹ ń pa fèrèsé dé, ẹ rò pé ẹ ti jáde. WhatsApp tí ẹ ṣí sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, àfi tí ẹ bá wọ Linked devices lórí fóònù yín kí ẹ yọ ọ́. Tó bá jẹ́ Gmail lẹ gbàgbé, ẹ fi fóònù wọ àkáǹtì Google yín, ẹ wá Your devices, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀.

Kí n má purọ́, èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Lọ́dún kan tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ṣí WhatsApp mi sórí kọ̀ǹpútà kẹta, mo sì lọ sùn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló dé láàárọ̀, tó ka gbogbo bí mo ṣe ń bẹ télọ̀ nítorí owó aṣọ Ojúde Ọba, aṣọ tí mo ti ń pariwo fún gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa pé mo ti san tèmi tán. Títí dòní, tí mo bá bá ọmọ náà wí pé ó pẹ́ dé, yóò ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, télọ̀ ló dá mi dúró."

3. Incognito, ìyẹn fèrèsé ìkọ̀kọ̀ inú Chrome. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí dáadáa.

Láti 2008 ni Chrome ti ní in. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: tí ẹ bá ti pa gbogbo fèrèsé rẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ò ní rántí ibi tí ẹ lọ. Fáìlì tí ẹ bá gbà wálẹ̀ kò bá a lọ o. Alaalẹ́ ni mò ń pa ìwé NIN àti ìwé àkáǹtì báńkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè rẹ́ nínú Downloads, àwọn tó sì fi incognito wọlé ló pọ̀ jù. Ẹ fi agbádá borí, ẹ ò wọ ṣòkòtò!

Ojú ewé tó kọ́kọ́ ṣí níbẹ̀ gan-an ló kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ yín, ilé ìwé yín àti ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ṣì lè rí yín. Ta ló ń kà á? Ní 2020, àwọn kan l'Ámẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ lórí incognito yìí. Ní 2024 ni Google gbà láti pa àìmọye àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ rẹ́.

Arákùnrin kan wá bá mi láti Ṣágámù. Ó ti san ₦18,000 fún VPN ọlọ́dún kan, ìyẹn ohun tó máa ń bo ohun tí èèyàn ń ṣe lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n bá òun fi sórí láàpútọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ wọn kí ọ̀gá má baà rí ohun tí òun ń wò. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi tapólì bo ẹrù láti Ṣágámù dé Ọ̀rẹ̀, ará ọ̀nà ò rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yín dì í ní gáréèjì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ. Wọ́n lè fi ohun tó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ sínú rẹ̀, kí VPN tó rí nǹkan kan bò. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta inú Chrome, ẹ wò ó nísàlẹ̀. Tí ẹ bá rí "Managed by your organization", ẹ ti mọ̀ pé àlejò ni yín.

Kò gbọ́. Ó lọ fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gba kúẹ́rì lọ́jọ́ kẹta. Iṣẹ́ mìíràn ló ń wá kiri, wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. VPN tí kò gba àṣẹ ni wọ́n torí ẹ̀ bá a wí. Dáta ₦500 lórí fóònù ara rẹ̀ ìbá ti ṣe gbogbo ẹ̀, tí kò bá ṣáà ti lo Wi-Fi ọ́fíìsì.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́. Ẹ má fi Gmail yín tan sync, ìyẹn ohun tó ń kó ohun tí Chrome bá yín tọ́jú láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, sínú Chrome ibi iṣẹ́, gbogbo password tí ẹ tọ́jú sínú Chrome nílé ni yóò tẹ̀lé yín débẹ̀.

Ọmọ tó sì ń gba ₦2,000 lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín fọ kọ̀ǹpútà mọ́, Ctrl, Shift àti Delete ló ń tẹ̀ pa pọ̀ nínú Chrome, láti pa ohun tó rántí rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ yan "All time", ẹ má fi í sílẹ̀ sórí wákàtí kan. Báwo ni mo ṣe mọ iye tí wọ́n ń gbà? Èmi náà ti gbà á rí.