O gba fíríìdọ́ọ̀mù mẹkáníìkì tán: ọ̀nà wo ló kàn?

Nígbà tí àdúrà bá parí, tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé, tí ẹbí ti jẹ ìrẹsì fíríìdọ́ọ̀mù tán, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ mẹkáníìkì máa ń gbà: wọ́n á wá àyè lẹ́bàá títì, wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń ṣe gbogbo ọkọ̀. Mi ò sọ pé ó burú. Àmọ́ "gbogbo ọkọ̀" ti ju ohun tí orí ẹnì kan lè gbà lọ. Kabúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìlo kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá wa fi kọ́ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tó ń wọ̀lú báyìí. Ẹni tó bá mú ẹ̀ka kan, tó mọ̀ ọ́n dénú, ni àwọn mẹkáníìkì yòókù yóò máa wá pè.

Kọ́kọ́ ra ìwé kékeré kan kí o tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Fún oṣù kan, máa kọ gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé sílẹ̀: kí ló ṣe é, ta ló rí ohun tó ṣe é, ta ni ẹ ránṣẹ́ pè nígbà tí iṣẹ́ náà kọ̀ tí kò gbọ́? Bó bá jẹ́ réwáyà ni ẹ ń pè lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni owó ń gbà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Bi ara rẹ pẹ̀lú: iṣẹ́ wo ló máa ń mú mi gbàgbé ebi?

Lẹ́yìn náà, gbé àwọn ẹ̀ka yẹ̀ wò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fífi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, wá àìsàn ọkọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí mọ́tò tuntun ní ojú ìhò ẹlẹ́nu 16 tí skánà ń wọ̀. Lábẹ́ sítíárì ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Skánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n skánà kì í ṣe babaláwo. Bó bá gbé kóòdù P0171 wá, ìyẹn àmì àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, epo sì kéré jù, nínú ẹ́ńjìnì. Kò sọ páàtì tí o máa rà. Ó lè jẹ́ rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjì sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó ra oúnjẹ ọ̀sán ló sì ya. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo mítà iná àti bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán wáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ náà á máa pààrọ̀ páàtì kiri.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni bíbá oníbàárà yẹ tòkunbọ̀ wò kó tó sanwó, iṣẹ́ tí kò béèrè ṣọ́ọ̀bù rárá. Fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó sítáàtì rẹ̀: bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti tàn án kí ẹ tó dé, ó sì lè jẹ́ èéfín tàbí ariwo àárọ̀ ló ń fi pamọ́. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó wà nídìí rẹ̀ máa ń tú àṣírí ọkọ̀ tó ti mu omi. Bí skánà kò bá rí kóòdù kankan, àmọ́ tí àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni. Gba owó rẹ, ì báà rà, ì báà má rà. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ọjọ́ tí o bá gbà á, ẹnu rẹ ti wúwo.

Àwọn tó kù kò pẹ́ sọ. Éésì ń pawó nígbà ooru, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n fi ń rọ gáàsì R134a, kì í ṣe àfojúdá. Ẹni tó bá ń ṣe jẹnẹrétọ̀ kó fi inverter àti sólà kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023 ni wọ́n ti ń pariwo CNG, ìyẹn gáàsì tí ọkọ̀ ń lò dípò epo bẹntiróòlù. Gáàsì inú sìlíńdà rẹ̀ máa ń tó 200 bar, bí ìlọ́po 90 afẹ́fẹ́ inú táyà. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí o ti kọ́ ọ. Ti háíbírídì, ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì iná pọ̀, náà ńkọ́? Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ lè gbé iná tó lé ní 200 fólìtì. Má tú u bí o kò bá kọ́ ọ.

Bí o bá ti yan, lọ sìn lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Ojú lè tì ọ́ pé o tún ń gbé báàgì irinṣẹ́ fún ẹlòmíì. Fara dà á. Ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ṣáájú, kí ó má di ìjà.

Iléeṣẹ́ ló wù ọ́? Ìwé ẹ̀rí ọ̀gá nìkan lè má tó níbẹ̀. Ṣe Trade Test ti ìjọba àpapọ̀, láti ipele kẹta dé ipele kìíní, tàbí ìdánwò NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà.

Ní ti owó, ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, sọ iye rẹ̀ kí o tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ra páàtì fún oníbàárà, mú rìsíìtì wá fún un. Kí o sì kó èyí tó bàjẹ́ sínú láílọ́ọ̀nù, kó gbé e lọ sílé.