Ọ̀dùnkún Kì í Ṣe Ẹ̀gẹ́: Ẹ Má Fi Í Sílẹ̀ Di Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ọ̀dùnkún sí ẹ̀yìnkùlé ní Ọ̀ṣun àti Kwara, ẹ kú iṣẹ́ o. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ọ̀dùnkún tí ẹ ń wà ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ló mú wa kọ ìwé yìí, èyí tí ẹ bá là, tí ihò dúdú àti ìdin funfun kún inú rẹ̀, tó sì korò. Ẹ máa ń ní irúgbìn tí wọ́n fún yín ni kò dára. Irúgbìn kọ́. Ẹ ti pẹ́ jù kí ẹ tó wà á ni.

Kòkòrò tó ń ṣe èyí kéré, ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì gùn ṣóńṣó. Kò lè gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ibi tí ebè bá ti sán ló ń gbà wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀dùnkún tó ń tóbi nínú ilẹ̀ ló ń ti ebè tó fi ń sán; bí òjò bá wá dá, tí ọyẹ́ dé, ìka ọwọ́ á lè wọ ojú sísán náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí ara ọ̀dùnkún láti òkè. Bí ẹ̀yin bá rí i, kòkòrò ti rí i ṣáájú yín.

Nítorí náà, bó bá pé ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ gbìn ín, ẹ fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ bo ìdí rẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 8. Láti ìgbà náà, ẹ máa yẹ ebè wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tó bá sán, ẹ dí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ebè mélòó ló wà ní ẹ̀yìnkùlé tí a ó fi máa ní a ò ráyè?

Mothers' Delight, irú ọ̀dùnkún aláwọ̀ ọsàn tó wá láti ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Umudike, oṣù 3 sí 4 ló ń lò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín sára ògiri. Bó bá pé oṣù 3, ẹ wa ẹyọ kan, ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, kí ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Bí oje ojú rẹ̀ bá gbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, ó ti gbó. Bó bá dúdú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un. Bó bá ti pé oṣù 4, ẹ wa gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀gẹ́ lè dúró dè yín nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ọ̀dùnkún ò ní dúró. Ẹni tó bá fẹ́ máa wà á díẹ̀díẹ̀ fún ọbẹ̀ alẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan yẹn, ṣùgbọ́n kó dí ojú ihò padà kó tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ gé okùn rẹ̀ kúrò ní ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú kí ẹ tó wà á, kí èèpo rẹ̀ lè le. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, kí ẹ fi koríko bò ó fún ọjọ́ 4 sí 7, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè san. Èyí tí ọkọ́ bá ṣá, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Orí okùn nìkan ni kí ẹ gé fún irúgbìn, 30 sẹ̀ǹtímítà, nítorí ìdí okùn tó ti gbó ni kòkòrò yìí ń yé ẹyin sí. Bákan náà, ẹ fi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìdí kan sí èkejì bí ẹ bá ń gbìn ín.

Ọ̀dùnkún tí kòkòrò ti bà jẹ́, sísè kì í mú kíkorò rẹ̀ kúrò. Àwọn kan ń jù ú sí ẹran ọ̀sìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun rẹ̀: oró wà nínú èyí tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró màlúù jẹ́. Ẹ dáná sun ún, kó má ṣẹ́kù sórí ebè. Lọ́dún tó ń bọ̀, àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ gbin síbẹ̀, kí ẹ sì fa ọ̀dùnkún tó bá tún dá hù tu.