Gbígbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí ìgbọ́ràn

Bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé, "Ṣé o gbọ́ Faransé?", kì í ṣe etí rẹ ló ń béèrè. Bóyá èdè náà yé ọ ló fẹ́ mọ̀. Ìyá tó sì ń ráhùn pé ọmọ òun kì í gbọ́ràn kò ní in lọ́kàn láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Gbọ́ kan ṣoṣo yìí ló ru ìró, ó ru òye, ó tún ru ìtẹríba mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó débẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń yẹ etí wò wà nílé tiwọn, àwọn tó ń yẹ ìrònú wò wà ní tiwọn, aláìsàn ló sì ń sáré láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí wọ́n ti wá pàdé ni Yunifásítì Linköping, ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Jerker Rönnberg tó ṣáájú wọn níbẹ̀ kì í ṣe dókítà etí. Sàíkọ́lọ́jì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó kan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kíka ètè ló ń wádìí. Kí ló dé tí ẹni méjì tí etí wọn lọ bákan náà á jókòó síwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan á máa ka ètè onítọ̀hún bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, tí èkejì á kàn máa wò ó ṣáá? Bí ọpọlọ kálukú ṣe ń di ọ̀rọ̀ mú, tó ń fi èyí tó rí wá èyí tí kò rí, wà lára ohun tó ń yà wọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé ibi àlàyé tí wọ́n ń pè ní ELU (Ease of Language Understanding, ìyẹn bí èdè ṣe ń rọrùn tó láti yéni), tó jáde ní 2003. Tí ìró tó wọlé bá bá èyí tí ọpọlọ ti tọ́jú mu, ọ̀rọ̀ á yé ènìyàn wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́ kankan. Tí kò bá mu, yálà nítorí ariwo tàbí nítorí etí tó ti ń kú, ìrántí ìgbà díẹ̀ á ní láti dìde: á fi ọwọ́ kan di àjákù tó gbọ́ mú, á máa fi ọwọ́ kejì wá èyí tó kù. Ìdí nìyí tí bàbá àgbà tí etí rẹ̀ ti ń kú fi máa ń ti ibi ìkómọ dé, tí á rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó lọ roko.

Ní 2008 ni àjọ ìwádìí ìjọba Swídìn gbé owó ọdún mẹ́wàá kalẹ̀ fún ibùdó ìwádìí ìgbọ́ràn kan níbẹ̀, Linnaeus Centre HEAD. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i. Èmi gba ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò etí wọ̀ ọ́, mo sì ti ṣubú ní púpọ̀ nínú ibi tí mo fẹ́ tọ́ka sí yìí.

Má rò pé ọ́díógíráàmù ti sọ gbogbo rẹ̀ tán

Ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn etí wá ló máa ń kọ́kọ́ kó sí èyí. O ti mú aláìsàn jókòó nínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀, o ti fi ìró ránṣẹ́ sí i láti èyí tó rẹlẹ̀ (250 Hz) dé èyí tó ga (8000 Hz), ó ń tẹ bọ́tìnnì, o sì ya ìlà rẹ. Ìlà yẹn ni ọ́díógíráàmù. Ó ṣe pàtàkì, kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó sọ kò ju pé ìró tó kéré tó báyìí wọ etí yìí níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lóde kò sí níbẹ̀.

Colin Cherry, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì kan, béèrè nípa òde ní 1953: báwo ni a ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ní àpèjẹ tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sí etí kọ̀ọ̀kan àwọn tó ń yẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n máa tún ti etí kan sọ. Bí ohùn ọkùnrin bá di ti obìnrin ní etí kejì, wọ́n mọ̀. Ohun tí ohùn yẹn ń sọ gan-an, wọn ò lè sọ ọ́. Etí wọn kò di, ìró sì wọlé. (Mi ò rò pé Cherry dé òwàḿbẹ̀ wa rí. Ì bá ti fi sípíkà mẹ́rin kún ìwádìí náà.)

Nítorí náà, má kó ogún ènìyàn tí ìlà ọ́díógíráàmù wọn jọra pọ̀, kí o máa pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Stuart Gatehouse àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Glasgow fi hàn láàárín 2003 sí 2006 pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń yára gbé ohùn sókè, tó ń yára rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ń ran ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ já fáfá lọ́wọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀rọ tó ń fara balẹ̀ ló máa ń rọ àwọn yòókù lọ́rùn. Má sì wá rò pé ọpọlọ tó lágbára ló ń gbọ́ jù nígbà gbogbo. Andrew Conway àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi orúkọ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò gan-an sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó má fetí sí, ní 2001. Nínú àwọn tí ìrántí ìgbà díẹ̀ wọn lágbára, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló gbọ́ orúkọ ara wọn. Nínú àwọn tí tiwọn kò lágbára, ìdá 65 ni. Ẹni tó mọ etí í dì ni kò gbọ́.

Má fi etí dán ìrántí wò, kí o má sì mọ̀

Mo ti ṣe èyí rí, ó sì ń dùn mí di òní. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n fi MoCA, àyẹ̀wò ìrántí àti ìrònú, yẹ bàbá kan wò. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní 2005 ni. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá gba 26 sókè ni wọ́n ń kà sí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹnu ni a fi ń pe ọ̀pọ̀ ìbéèrè rẹ̀. Mo pe ọ̀rọ̀ márùn-ún fún bàbá pé kó rántí wọn, ìbòmú wà lẹ́nu mi. Ó tún méjì pè, ó fọwọ́ rọ́ ẹ̀kẹta. Mo kọ máàkì kékeré sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó lẹ́yìn ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ nǹkan ẹnu yín yẹn. Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan. Wọn ò gbọ́ yín ni."

Ohun tí kò wọlé kò ṣeé rántí. Bí o bá ṣe é bí mo ṣe ṣe é, ìwádìí rẹ á máa sọ pé etí tó ń kú ń ba ìrántí jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ohùn rẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àṣìṣe yìí burú nítorí pé ó fara jọ òótọ́. Èsì tí o ń retí gan-an ló ń mú wá, nítorí náà o kò ní wá ibi tó ti ṣẹ́.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni náà lè tún ọ̀rọ̀ náà pè nígbà tí kò tíì sí ìrántí kankan níbẹ̀. Jẹ́ kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sétí, kí o sì wo bátìrì rẹ̀. Èyí tó bá ṣeé kọ sílẹ̀, kọ ọ́. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ará Linköping fi fẹ́ràn ìdánwò kíkà tí Daneman àti Carpenter ṣe ní 1980 nìyí: nínú irú èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ojú ni ènìyàn fi ń ka gbólóhùn, á sọ bóyá ó nítumọ̀, lẹ́yìn náà á rántí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí tó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí ò sí níbẹ̀.

Má túmọ̀ ìdánwò bí ẹni túmọ̀ lẹ́tà

Björn Hagerman ṣe gbólóhùn ìdánwò kan fún èdè Swídìn ní 1982, ọ̀rọ̀ márùn-ún márùn-ún: orúkọ ènìyàn, ohun tó ṣe, iye, àpèjúwe, nǹkan. A ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ní àyè kọ̀ọ̀kan, a ń fi ariwo bò ó títí yóò fi gbọ́ ìdajì. Ọ̀pọ̀ èdè ló ti ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá láìronú á kọ́kọ́ rí i pé iye kì í sábà ṣáájú nǹkan lọ́dọ̀ wa. Bàtà mẹ́fà ni à ń sọ.

Ìyẹn kéré. Wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Èdè Swídìn náà ní irú rẹ̀ díẹ̀: anden lè jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀mí, ohùn ló ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n tiwa kò ṣeé fi wé tiwọn. Ibi ìró tó rẹlẹ̀ ni òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn wa wà, ìró tó ga sókè ni ọjọ́ ogbó sì ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ etí. Nítorí náà ìyá àgbà lè máa pàdánù s àti f, kí àmì ohùn ṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Dùndún kò ní s, kò ní f, ẹni tó gbọ́ ìlù sì ń dá a lóhùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbìn sínú etí wá yí i padà: ó ń gbé kọ́ńsónáǹtì dáadáa, àmọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni kò mọ̀ ọ́n gbé. Bí o bá wá kó máàkì ará Ìbàdàn àti máàkì ará Linköping sínú tábìlì kan, kí ni o ń wọ̀n?

Ọmọlójú ò ń purọ́, ṣùgbọ́n o lè ṣì í gbọ́

Kahneman àti Beatty ló fi hàn ní 1966 pé bí ènìyàn bá ń gbọ́ nọ́ńbà tó ní láti rántí, ọmọlójú rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀, á sì máa sún kì bó ṣe ń kà wọ́n padà. Adriana Zekveld àti Sophia Kramer ní Amsterdam mú un wá sí ọ̀rọ̀ gbígbọ́ nínú ariwo, ó sì ti di ohun èlò gbogbo ènìyàn láti fi wọn wàhálà ìgbọ́ràn. Ìfẹ̀sí yẹn sábà máa ń kéré sí ìdajì mìlímítà. Iná yàrá nìkan lè yí ọmọlójú láti mìlímítà méjì sí mẹ́jọ. Má ṣí fèrèsé.

Èyí tó ń mú ọ̀dọ́ jù ni pé wọ́n rò pé ọmọlójú kékeré ni ìrọ̀rùn. Bí ariwo bá pọ̀ kọjá agbára, ènìyàn á fi í sílẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ á sì padà kéré bí ẹni tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó gbọ́ tán àti ẹni tó ti sú, ọ̀kan náà ni wọ́n á jọ lójú ẹ̀rọ.

Méjì kékeré kí n tó kan èyí tó tóbi. Má fi akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún tí etí wọn pé ṣe gbogbo ìwádìí rẹ nítorí pé wọ́n wà nítòsí. Bí owó ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bá sì wọ iṣẹ́ rẹ, kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Iṣẹ́ rere ń ti irú ibẹ̀ jáde, ibùdó ìwádìí Eriksholm ní Dẹ́nmáàkì tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Oticon wà lára wọn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Má yára sọ pé ẹ̀rọ etí ń dènà iyè ríra

Láti 2017 tí ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn Lancet ti ka etí tó ń kú mọ́ ohun tó lè fa àrùn iyè ríra (dementia), gbogbo ènìyàn ló fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló ń wò ó. Ìwádìí tó ń jẹ́ ACHIEVE ṣe é bó ṣe yẹ ní Amẹ́ríkà: àgbà 977, ọmọ 70 sí 84 ọdún, wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn, àwọn kan gba ẹ̀rọ, àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ìlera, ọdún mẹ́ta gbáko. Èsì jáde ní 2023. Nínú gbogbo wọn pọ̀, ẹ̀rọ kò mú ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí wá. Nínú àwọn tí ewu wọn ti ga tẹ́lẹ̀, ó dín bí ìrònú ṣe ń jó rẹ̀yìn kù ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá mú 48 yẹn sáré láìsọ gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ ti tan bàbá ẹlòmíràn jẹ.

Ní ọdún 2023 yẹn kan náà, oṣù Kẹrin, ìwé ìwádìí kan jáde nínú Lancet Public Health, ó lo àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ ogún ní Bìrìtìkó, ó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń dín ewu náà kù. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n fà á padà. Nínú kóòdù ìṣirò wọn, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àti àwọn tí kò lò ó ti gba ipò ara wọn. Àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ló lọ sọ fún olóòtú, mo sì kan sáárá sí wọn fún ìyẹn.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́, mo máa ń fa fáìlì pépà ènìyàn mẹ́wàá yọ, àwọn tí mo fi ojú ara mi rí ẹ̀rọ létí wọn, kí n lọ wò ó nínú kọ̀ǹpútà bóyá òun náà mọ̀ pé wọ́n ń lo ẹ̀rọ.