Ẹ fi irin bẹ́ẹ̀dì tẹ́jú ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ fi ọkọ́ pa ara yín. Tẹ́ ẹ bá ti ro koríko kúrò tẹ́ ẹ sì ti tú ilẹ̀ díẹ̀, ẹ so okùn mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ẹ gbé blọ́ọ̀kù lé e, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, lóròó àti níbùú, á ha ibi tó ga á sì kó yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ sí kòtò fúnra ẹ̀. Ọjọ́ kejì òjò ló dáa jù, torí tó bá tutù jù á kàn máa lẹ̀ mọ́ irin ni. Àmọ́ tí àpáta bá wà lábẹ́, ẹ ṣáà mọ ìlú wa, irin ò lè ràn án, yẹ̀pẹ̀ lẹ máa rà dà lé e.